Fọ́ọ̀mù Ìlera Amòòkùn: Ṣé Ó Tó fún Ẹni Tó Ń Lo Oògùn Àìbalẹ̀ Ọkàn?

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ pọ̀n láti mòòkùn, ì báà jẹ́ ní Òkun Pupa lápá Íjíbítì, ní Florida, tàbí ní Stoney Cove nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àfàìmọ̀ ni kò ní jẹ́ ìwé kan náà ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé síwájú rẹ̀ kí wọ́n tó wọn aṣọ omi fún un. Diver Medical ni wọ́n ń pè é. Ọdún 2020 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé irú èyí tó wà níta báyìí jáde. Àwọn oníṣègùn UHMS (ẹgbẹ́ oníṣègùn tó ń rí sí ìlera lábẹ́ omi), DAN ti Amẹ́ríkà, DAN ti Yúróòpù (àwọn àjọ tó ń rí sí ààbò amòòkùn) àti ẹ̀ka ìtọ́jú amòòkùn ní Yunifásítì Kalifọ́níà ní San Diego ni wọ́n jọ ṣe é. PADI àti SSI, àwọn ilé iṣẹ́ tó ń kọ́ni ní ìmòòkùn, ń lò ó. Ojú ìwé mẹ́ta péré ni, ọ̀fẹ́ sì ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ojú ẹnì kan ṣoṣo la fẹ́ fi yẹ̀ ẹ́ wò níhìn-ín: ẹni tó ń lo oògùn nítorí àìbalẹ̀ ọkàn tàbí ìjáyà òjijì. Ọ̀pọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló lè mòòkùn láìséwu. Àwọn kan sì wà nínú wọn tí kò yẹ kí wọ́n sún mọ́ etí omi rárá ní àsìkò tí wọ́n wà. Láti ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ ni iṣẹ́ fọ́ọ̀mù yìí. Asẹ́ ni, ojú asẹ́ náà sì tóbi jù níbì kan, ó há jù níbòmíràn.

Ojú ìwé kìíní ní ìbéèrè 10, gbogbo wọn bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Méjì kan ẹni tí à ń sọ. Ìbéèrè 7 ń wádìí bóyá o ń gba ìtọ́jú lọ́wọ́, tàbí o ti nílò ìtọ́jú láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn, nítorí àìsàn èrò inú, ìjáyà òjijì, tàbí oògùn olóró àti ọtí tó ti di bárakú. Tí o bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, yóò gbé ọ lọ sí àpótí E lójú ìwé kejì, níbi tí wọ́n ti tú ìbéèrè náà palẹ̀ sí mẹ́rin. Ìbéèrè 10 ń béèrè bóyá o ń lo oògùn tí dókítà kọ fún ọ. Èyí kò ní àpótí kankan: bí o bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀dọ̀ dókítà ló kàn. Oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí àti oògùn ibà nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀, wọn kò sì yọ gbogbo oògùn ibà. Mefloquine, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Lariam, gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ibi tí wọ́n ti ronú jinlẹ̀ nìyẹn, ó sì yẹ ká gbóríyìn fún wọn. Mefloquine fúnra rẹ̀ lè dá àìbalẹ̀ ọkàn, àlá burúkú àti òòyì sílẹ̀. Ọdún 2013 ni FDA, àjọ tó ń ṣàbójútó oògùn ní Amẹ́ríkà, fi ìkìlọ̀ tó le jù lọ sára páálí rẹ̀. Ará Lọ́ńdọ̀nù tó wá kí ẹbí rẹ̀ ní Èkó tàbí Kútọnu, tó ń fi mefloquine dènà ibà, yóò ṣì máa lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn tó bá padà. Bó bá lọ mòòkùn láàárín oṣù yẹn, ìbéèrè 10 kàn án, kódà bí kò bá ní àìsàn kankan.

Ojú asẹ́ náà tóbi jù níbi ọ̀rọ̀ oògùn “tí dókítà kọ”. Ní Nàìjíríà, Lexotan àti Valium wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn tí dókítà kò kọ ọ́ fún rí. Ilé ìtajà oògùn ni wọ́n ti rà á, tàbí kí ẹ̀gbọ́n há díẹ̀ nínú tirẹ̀ fún àbúrò nítorí àìrí-oorun-sùn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ka ìbéèrè náà kó sì fi òótọ́ inú dáhùn bẹ́ẹ̀ kọ́. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bromazepam tó wà nínú Lexotan àti diazepam tó wà nínú Valium gan-an ni àwọn oògùn tí dókítà amòòkùn kò fẹ́ kó wà nínú ara ẹni tó ń lọ sábẹ́ omi. Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n béèrè ni pé: oògùn wo lo ti lò láàárín oṣù kan sẹ́yìn, láìka ibi tó ti wá sí? Ìwọ dá a lóhùn bí ẹni pé ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyẹn.

Àléébù kejì ni pé fọ́ọ̀mù náà kò béèrè orúkọ oògùn, ìwọ̀n rẹ̀, tàbí ìgbà tí o bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Orúkọ yìí ló sì ṣe kókó jù, nítorí ìran ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn oògùn tí wọ́n ń fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ewu wọn lábẹ́ omi kò sì dọ́gba.

Ìran kìíní ni benzodiazepine, àwọn oògùn tó ń mú ara rọ̀: diazepam, lorazepam, alprazolam, clonazepam, bromazepam. Wọ́n ń mú èèyàn tòògbé, wọ́n ń fa ọwọ́ àti èrò sẹ́yìn, wọ́n sì ń mú kéèyàn gbàgbé ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un. Tí o bá wà ní mítà 30 nísàlẹ̀, agbára tó ń tẹ̀ ọ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti òkè, náítírójìn inú afẹ́fẹ́ tí ò ń mí sínú sì ti ń ra ọpọlọ níyè fúnra rẹ̀. Kí oògùn yìí tún wá gùn ún lórí, ẹni náà lè máa wo géèjì afẹ́fẹ́ rẹ̀ láìmọ̀ pé ohun tó ń rí léwu. Bẹ́ẹ̀ ni kò tètè jáde nínú ara. Alprazolam máa ń lo nǹkan bíi wákàtí 11 kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. Ti diazepam máa ń gba ọjọ́ kan sí méjì, ohun tí ara sì ń sọ ọ́ dà tún lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹni tó gbé mílígíráàmù 10 diazepam mì nínú ọkọ̀ òfuurufú lálẹ́ Jímọ̀ nítorí ẹ̀rù, ó ṣì wà lára rẹ̀ láàárọ̀ Àìkú. Kí ẹnikẹ́ni má sì gbé hóró kan mì lórí ọkọ̀ ojú omi “kí ọkàn lè balẹ̀” ṣáájú kó tó wọlé. Nínú gbogbo ohun tí èèyàn lè ṣe, ìyẹn ló burú jù.

Ìran kejì ni SSRI, àwọn oògùn ìsoríkọ́ tí wọ́n tún ń fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀: sertraline, escitalopram, citalopram, fluoxetine, paroxetine. Àwọn yìí ni ọ̀pọ̀ dókítà amòòkùn máa ń fọwọ́ sí, bó bá jẹ́ oògùn kan ṣoṣo, tí ìwọ̀n rẹ̀ kò yí padà, tí ara sì ti mọ́ ọn. Oṣù mẹ́ta lórí ìwọ̀n kan náà ni wọ́n sábà máa ń béèrè. Ìdí ni pé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ àti ìkejì, oògùn náà lè fi kún àìbalẹ̀ ọkàn kó tó dín in kù, agbára rẹ̀ kì í sì í hàn tán títí di ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹfà. Ohun mìíràn tí wọ́n máa ń gbé yẹ̀ wò ni pé SSRI ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pẹ́ díẹ̀ kó tó dì. Fún amòòkùn, etí ni èyí kàn jù: ẹni tó ń fi agbára fẹ́ etí rẹ̀ láti là á lè ta ẹ̀jẹ̀ sínú etí. Má ṣe fi ibuprofen tàbí aspirin kún un nítorí orí fífọ́ lẹ́yìn ìmòòkùn láìbi dókítà.

Venlafaxine, tó jẹ́ ọmọ ìyá SSRI, fẹ́ àkíyèsí mìíràn. Kì í pẹ́ nínú ara, bíi ti paroxetine. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ kan péré lè bẹ̀rẹ̀ sí í ní òòyì, èébì, àti ohun tó ń ta orí rẹ̀ gìrìgìrì. Ìrìn àjò ìmòòkùn gan-an sì ni ibi tí èèyàn ti máa ń gbàgbé oògùn: ọkọ̀ ń gbéra ní aago mẹ́fà àárọ̀, aago ìlú ti yí padà, àpò oògùn wà ní yàrá òtẹ́ẹ̀lì. Òòyì ní mítà 18 lè mú kí ẹni tí kò rí ìsàlẹ̀ omi má mọ òkè yàtọ̀ sí ilẹ̀.

Propranolol, tí wọ́n ń kọ fún ẹni tí àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì, dà bí ohun kékeré lójú ọ̀pọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún amòòkùn. Ó ń dí ọkàn lọ́wọ́ láti sáré nígbà tí ìwẹ̀ nínú ìṣàn omi bá béèrè fún un, ó lè fún ọ̀nà èémí pa lára ẹni tó ní ikọ́ fée, àwọn oníṣègùn sì ti rí i nínú àwọn ohun tó ń bá omi tó ń kún inú ẹ̀dọ̀fóró àwọn amòòkùn rìn. Hydroxyzine àti pregabalin ń mú oorun àti òòyì wá. Bupropion, tí wọ́n máa ń fi kún SSRI nígbà mìíràn, lè mú gìrì sún mọ́ èèyàn. Ẹni tó ń lò ó tó tún fẹ́ lo nitrox, ìyẹn afẹ́fẹ́ tí wọ́n fi ọ́síjìn kún, ń fi ewu kan lé òmíràn lórí, nítorí ọ́síjìn tó bá kọjá ààlà lábẹ́ omi ń fa gìrì. Ìwọ̀n ìtẹ̀ ọ́síjìn 1.4 bar ni ààlà náà, nitrox 32 (ọ́síjìn rẹ̀ jẹ́ ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún) sì ń dé ibẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 33. Gìrì ní orí ilẹ̀ ṣeé dúró tì kó lọ. Ní abẹ́ omi, régúlétọ̀, ohun ẹnu tí amòòkùn fi ń mí, á já bọ́ lẹ́nu, omi á sì wọlé.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, oògùn kọ́ ni ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ gba ọkàn dókítà. Àìsàn tó mú oògùn wá ni. Ẹni tí ìjáyà bá gbé lábẹ́ omi máa ń ṣe ohun méjì: á já ohun ẹnu rẹ̀ dànù, á sì sáré lọ sókè. Afẹ́fẹ́ tó kún ẹ̀dọ̀fóró ní mítà 10 á di ìlọ́po méjì kó tó dé òkè. Bó bá di èémí mú, ẹ̀dọ̀fóró lè ya, kí afẹ́fẹ́ sì gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ. Kò nílò omi jíjìn: mítà kan àti díẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni pé ó lè ṣẹlẹ̀ nínú ibi ìwẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ìyára tí wọ́n ń kọ́ni ni mítà 9 ní ìṣẹ́jú kan, pẹ̀lú ìdúró ìṣẹ́jú mẹ́ta ní mítà 5. Ẹni tó ń jáyà kò rántí èyíkéyìí. Nítorí náà, ẹni tó wà lórí sertraline láti ọdún kan, tí ìjáyà kò gbé rí láti ìgbà náà, lè yẹ ju ẹni tí kò lo oògùn kankan lọ tí àyà rẹ̀ ń já lóṣooṣù. Fọ́ọ̀mù náà kò lè rí ìyàtọ̀ yìí. Níbẹ̀ ni ojú asẹ́ ti há jù: ọ̀kan náà ni “bẹ́ẹ̀ ni” àwọn méjèèjì.

Ojú ìwé kẹta ni ti dókítà. Àyè méjì péré ló wà níbẹ̀: mo fọwọ́ sí i, n kò fọwọ́ sí i. Kò sí àyè ìkẹta fún “ó lè dé mítà 18, kò gbọ́dọ̀ lo nitrox, kí olùkọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀”. Bẹ́ẹ̀ irú ìdáhùn yẹn ló sábà bá ẹni tó ń lo oògùn àìbalẹ̀ ọkàn mu jù. Bí dókítà bá fẹ́ fi ààlà sí i, ní kó kọ ọ́ sínú lẹ́tà lọ́tọ̀, kí o sì fún olùkọ́ ní ẹ̀dà kan.

Ohun mìíràn ni pé dókítà èyíkéyìí ló lè fi ọwọ́ sí i. Dókítà àdúgbò tí kò mọ̀ nǹkan kan nípa ìmòòkùn máa ń ṣe ọ̀kan nínú méjì: á fọwọ́ sí i nítorí pé ara rẹ dá, tàbí kó kọ̀ nítorí pé ẹ̀rù ń bà á. Nínú ìlànà tó wà lórí ìkànnì UHMS, wọ́n ti ṣàlàyé àwọn àìsàn kọ̀ọ̀kan fún dókítà, àdírẹ́sì rẹ̀ sì wà lórí fọ́ọ̀mù gan-an. Tẹ̀ ẹ́ jáde kó o mú un lọ. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà tí àwọn ẹgbẹ́ amòòkùn bíi BSAC, SAA àti ScotSAC ń gbà dára jù lójú tiwa. Ẹni tó bá dáhùn bẹ́ẹ̀ ni lórí fọ́ọ̀mù tiwọn á kàn sí dókítà tó wà lórí àkọsílẹ̀ UKDMC, ìgbìmọ̀ ìṣègùn amòòkùn ilẹ̀ náà; àwọn tí wọ́n kọ́ nípa ìmòòkùn ni. Ní Amẹ́ríkà, DAN, tó ní orílé-iṣẹ́ ní Durham ní North Carolina, ń ran èèyàn lọ́wọ́ láti rí irú dókítà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń dáhùn ìbéèrè tí kì í ṣe ti pàjáwìrì. Ẹni tó wà ní ìlú tí dókítà amòòkùn ti ṣọ̀wọ́n náà lè kọ̀wé sí wọn.

Ibi tí fọ́ọ̀mù náà ti ń kùnà jù lọ kò sí nínú fọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀, ọwọ́ àwọn ilé ìmòòkùn kan ló wà. Wọ́n á gba owó, wọ́n á gbé àlejò sórí ọkọ̀, ìgbà náà ni wọ́n tó fún un ní bébà àti bírò. Ó ti sanwó, kò sí dókítà nítòsí, ìyàwó àti ọmọ ń dúró dè é. Àwọn míì tilẹ̀ máa ń sọ ọ́ síni létí pé kí o kàn fi bẹ́ẹ̀ kọ́ sí gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti bọ́ síta lọ́wọ́ olùkọ́ tí ì bá mọ̀ pé kó má jìnnà sí i, iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì rẹ̀ sì lè kọ̀ láti sanwó bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ohun tó wá burú jù ni ti ẹni tó dá oògùn dúró lọ́sẹ̀ kan ṣáájú kó lè dáhùn bẹ́ẹ̀ kọ́. SSRI tí a já lójijì ń mú òòyì àti ìjáyà wá. Benzodiazepine tí a já lójijì lẹ́yìn ìlò pípẹ́ lè fa gìrì. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló sì fẹ́ wọ omi. Lọ́nà kejì, ẹni tó bá dá oògùn dúró kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè 7, nítorí ọdún márùn-ún ni ìyẹn ń kà sẹ́yìn.

Ilé ìmòòkùn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lọ́jọ́ tí o bá ti gba àyè, kó tó gba owó tán. Béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ wọn kó o tó sanwó: ṣé wọ́n á dá owó padà bí dókítà bá kọ̀, ta ni yóò rí ohun tí mo kọ, èèyàn mélòó ni olùkọ́ kan ń mú wọ omi? Mẹ́rin sí ìsàlẹ̀ ló dára fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ lè já. Bí wọ́n bá ń fi ìbéèrè wọ̀nyí ṣe yẹ̀yẹ́, ibòmíràn wà.

Bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣáájú ìrìn àjò. Tẹ ojú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde, kí o sì kọ bébà kan mọ́ ọn fúnra rẹ: orúkọ oògùn bó ṣe wà lára páálí, mílígíráàmù rẹ̀, ìgbà tí o bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí wọ́n yí ìwọ̀n rẹ̀ gbẹ̀yìn, ìgbà tí ìjáyà gbé ọ gbẹ̀yìn àti ohun tó fà á. Kọ oògùn tí ò ń lò nítorí ohun mìíràn náà síbẹ̀: oògùn oorun, oògùn ìgbì omi (èyí tí kì í jẹ́ kéèyàn bì lórí ọkọ̀ ojú omi), oògùn katá. Púpọ̀ nínú oògùn ìgbì omi ń mú oorun wá, ẹni tó bá fi cinnarizine tàbí hyoscine alálẹ̀mọ́ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn etí kún oògùn àìbalẹ̀ ọkàn lè rò pé ó ti rẹ òun lásán. Bi dókítà léèrè ní tààrà pé: ṣé oògùn yìí ń fa oorun, ṣé ó ń fa gìrì, kí ni kí n ṣe bí mo bá gbàgbé ọjọ́ kan? Jẹ́ kó fi ọjọ́ sí ìfọwọ́sí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìmòòkùn ń gbà á fún ọdún kan, àmọ́ bí ìwọ̀n oògùn bá yí padà láàárín rẹ̀, padà sọ́dọ̀ dókítà.

Ìfọwọ́sí kò túmọ̀ sí pé kí o bẹ́ sínú omi jíjìn. Ibi ìwẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀. Jẹ́ kí omi wọnú gíláàsì ojú rẹ, kí o sì fẹ́ ẹ jáde títí tí kò ní já ọ láyà mọ́; èyí àti òjé tó wúwo jù nídìí bẹ́líìtì wà lára ohun tó máa ń dá ìjáyà àkọ́kọ́ sílẹ̀. Nínú òkun, dúró sí mítà 12 sí 18, kí o sì sọ orúkọ oògùn rẹ fún ẹni tí ẹ jọ ń mòòkùn. Bí èémí bá bẹ̀rẹ̀ sí í yára, dúró sójú kan, di òkúta tàbí okùn mú, kí o sì mí síta gígùn ju bí o ṣe mí sínú lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé èémí kúkurú ń fi afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí sílẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró, afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí yẹn ló sì ń sọ fún ọpọlọ pé o ń kú lọ, bí sílíńdà rẹ tilẹ̀ kún. Fi ọwọ́ ṣe àmì fún ẹnìkejì rẹ, kí ẹ jọ gòkè díẹ̀díẹ̀.

Bí dókítà bá ní òun kò fọwọ́ sí i, béèrè ohun tó gbọ́dọ̀ yí padà àti oṣù tó yẹ kí o padà wá. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìwọ̀n oògùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ni ìdí, oṣù mẹ́ta sì lè tún un ṣe. Ní àkókò yẹn, ibi ìwẹ̀ ṣì wà, gíláàsì ojú àti fèrè èémí (snorkel) sì tó láti wo ẹja láti orí omi ní Dahab, létí Òkun Pupa ní Íjíbítì, níbi tí iyùn òkun ti bẹ̀rẹ̀ láti etíkun gan-an. Ṣùgbọ́n bí benzodiazepine bá wà lára rẹ, sọ fún dókítà kó o tó lọ sínú ìyẹn náà.